Àṣìṣe 3022 nínú Access: ìdí tí fọ́ọ̀mù fi ń kọ àkọsílẹ̀ yín, àti ọ̀nà àbáyọ

Ẹ tẹ orúkọ, nọ́ńbà àti àdírẹ́sì sínú fọ́ọ̀mù tán, ẹ fẹ́ fi pamọ́, Microsoft Access yarí. Ó ní àyípadà tí ẹ fẹ́ ṣe kò lè ṣeé ṣe, torí yóò mú kí ohun kan náà wà lẹ́ẹ̀mejì nínú index, primary key tàbí relationship. Àṣìṣe 3022 nìyẹn. Ẹni tó bá ń bójú tó àkọsílẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lórí Access, ó ṣeé ṣe kó ti pàdé ẹ̀ rí.

Ohun àkọ́kọ́
Ẹ kọ ohun tí ẹ tẹ̀ sórí bébà, kí ẹ wá tẹ Esc lẹ́ẹ̀mejì. Èkíní á pa ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ sínú àyè tí ẹ wà rẹ́, èkejì á pa gbogbo àkọsílẹ̀ tí ẹ ò tíì fi pamọ́ yẹn rẹ́. Àwọn tó ti wà tẹ́lẹ̀ ò ní fara gbá a.

Ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ sáré ṣe
Àwọn kan á yọ Primary Key kúrò, tàbí kí wọ́n yí Indexed padà láti No Duplicates sí Duplicates OK. Lóòótọ́, ariwo á dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lẹ lé lọ yẹn. Tí ọmọ ẹgbẹ́ méjì bá ń lo nọ́ńbà 147, owó tí ọ̀kan san lè hàn lórúkọ èkejì. Ọjọ́ tí wọ́n bá wá yá owó ni ìjà á bẹ́.

Ẹ ṣí Table náà ní Design View, kí ẹ tẹ Indexes. Ẹ wo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí Unique rẹ̀ bá jẹ́ Yes ni Access ń ṣọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wo èyí tó bá ọ̀rọ̀ yín mu nínú àwọn wọ̀nyí.

1. Ẹ ń wá èèyàn ni, ẹ ò fi ẹni tuntun kún un
Ẹ kọ́kọ́ fura sí combo box tí ẹ fi ń ṣa nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́. Ká ní Control Source rẹ̀ jẹ́ àyè nọ́ńbà yẹn gan-an, àkọsílẹ̀ nọ́ńbà 30 wà lójú yín, ẹ wá mú 52. Access ò bá yín wá 52 o. Ńṣe ló fẹ́ sọ ẹni 30 di 52! Torí pé 52 ti wà, ó kọ̀. Tí kì í bá ṣe ẹ̀ṣọ́ yẹn ni, ì bá ti yí i padà láìsọ nǹkan kan. Àtúnṣe: ẹ pa combo box náà rẹ́, kí ẹ fi wizard ṣe òmíràn, kí ẹ sì mú Find a record on my form.

2. AutoNumber padà sẹ́yìn
Èyí lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá kó àkọsílẹ̀ wọlé láti ibòmíràn. Nọ́ńbà tó ti wà ni Access tún ń fún ẹni tuntun. Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà, kí gbogbo èèyàn jáde, kí ẹ lọ sí Database Tools, kí ẹ tẹ Compact and Repair Database. Tí kò bá yanjú, tí nọ́ńbà tó ga jù sì jẹ́ 500, ẹ kọ èyí sínú SQL View, kí ẹ fi orúkọ Table àti àyè tiyín rọ́pò:
ALTER TABLE OmoEgbe ALTER COLUMN ID COUNTER(501,1)

3. Ẹni méjì ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà
Bó bá jẹ́ DMax + 1 lẹ fi ń ṣe nọ́ńbà, kọ̀ǹpútà méjì lè rí 200 pọ̀, kí àwọn méjèèjì mú 201. Ẹni tó kọ́kọ́ fi pamọ́ ló ni ín, ti èkejì á kọ̀. Ẹ yọ DMax kúrò ní Default Value, kí ẹ gbé e sí Before Update fọ́ọ̀mù. Ìgbà tó bá fẹ́ fi pamọ́ ló máa tó mú nọ́ńbà, ìkọlù náà á sì dín kù gan-an.

4. Ẹ̀ṣọ́ wà níbi tí kò yẹ
Táyé àti Kẹ́hìndé: orúkọ bàbá kan, ọjọ́ ìbí kan, fóònù ìyá kan. Tí ẹ bá fi No Duplicates sórí fóònù òbí, Kẹ́hìndé ò ní wọlé. Ibí yìí nìkan ló ti tọ́ kí ẹ yọ ọ́. Ẹ tún wo Default Value àyè tó jẹ́ Number. Tó bá jẹ́ 0, ẹni kejì tí ẹ ò kọ nǹkan kan fún á tún gba 0. Ẹ pa 0 yẹn rẹ́.

5. Ẹni náà ti wà níbẹ̀ lóòótọ́
Ẹ wá a kí ẹ tó tún un tẹ̀. Find Duplicates Query Wizard wà nínú Query Wizard lábẹ́ Create, ó lè bá yín ṣa àwọn tó jọra. Ṣùgbọ́n lójú Access, Adébáyọ̀ Kẹ́hìndé àti Kẹ́hìndé Adébáyọ̀ kì í ṣe ẹnì kan náà, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0803 àti èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú +234803. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni kí gbogbo ọ́fíìsì máa gbà kọ wọ́n, kí ẹ sì fi nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ dá èèyàn mọ̀, kì í ṣe orúkọ.