Òkè Atacora: ibi tí a lè lọ wò ní Natitingou àti agbègbè rẹ̀, àti ibi tí kò tíì yẹ ká lọ

Ẹni tó bá dàgbà sí Ko-Koumolou, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ló mọ̀: oko àgbàdo, oko ọ̀pẹ, ọ̀nà pupa tó lọ sí Ìfọ̀nyìn àti Igolo. Òkè gidi, inú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti rí i. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òkè wà ní orílẹ̀-èdè Benin wa yìí. Lápá òkè lọ́hùn-ún ló wà, níbi tí Benin ti bá Togo àti Burkina Faso pààlà. Òkè Atacora ni wọ́n ń pè é. Kò ga tó àwọn òkè ńlá ayé, nítorí kò ju mítà 700 lọ, ṣùgbọ́n òun ló ga jù nílé wa, omi púpọ̀ sì ń ti ara rẹ̀ ṣàn wá.

Natitingou ni olú ìlú Atacora. Láti Kutọnu dé ibẹ̀ lé ní kìlómítà 500. Bí ẹ bá tún lọ síwájú ní bíi kìlómítà 50, ẹ ó dé Tanguiéta, ìlú tó wà lẹ́nu ọ̀nà Pàákì Pendjari. Orúkọ Tanguiéta kò ṣàjèjì sí wa. Ilé ìwòsàn Saint Jean de Dieu tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1970 ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ aláìsàn láti ìhà gúúsù mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Ìdí tí a fi kọ àkójọ yìí ni pé bí ìsinmi bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ilé-ẹ̀kọ́, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àti àwọn ìjọ máa ń dá owó jọ fún ìrìn-àjò. Bí ẹnì kan bá ti dárúkọ Atacora, Pendjari àti erin ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn. Pendjari yìí gan-an ni ibi tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni forí lé báyìí láìgbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìjọba. Ṣùgbọ́n kì í ṣe Pendjari nìkan ni òkè náà ní. Ẹ jẹ́ ká tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

1. Pàákì Pendjari

Odò Pendjari ló fún pàákì yìí lórúkọ. Ara òkè Atacora ni odò náà ti ṣẹ̀. Ó kọ́kọ́ ṣàn lọ sókè, ó wá yíra padà sí ìwọ̀-oòrùn, ó sì di ààlà àwa àti Burkina Faso. Bó bá wọ Togo, Oti ni wọ́n ń pè é, ó sì ń lọ dà sínú odò Volta ní Ghana.

Ọdún 1961 ni ibẹ̀ di pàákì orílẹ̀-èdè. Ó fẹ̀ tó bíi kìlómítà 2.750 níbùú lóròó. Erin wà níbẹ̀, kìnnìún wà níbẹ̀, àti ẹfọ̀n, erinmi, ọ̀nì, ìkookò, pẹ̀lú oríṣiríṣi ẹtu àti ẹran ìgbẹ́ mìíràn. Kìnnìún ti tán ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ṣẹ́ kù, inú Pendjari àti àwọn igbó tó so mọ́ ọn ni wọ́n wà, ìyẹn W àti Arly. Ní ọdún 2017, UNESCO fi Pendjari sínú àwọn ohun ìní gbogbo ayé. Lọ́dún yẹn kan náà, ìjọba gbé ìtọ́jú rẹ̀ lé African Parks lọ́wọ́.

Láyé tí ọ̀nà ṣì dára, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn àlejò máa ń lọ. Bí ilẹ̀ bá ti gbẹ, tí koríko ti jóná, gbogbo ẹran á wá pé jọ sí ẹ̀bá adágún tó ṣì lómi, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Mare Bali. Èèyàn á jókòó jẹ́ẹ́ lórí ilé onígi, á máa wo erin bí wọ́n ṣe ń mumi.

Kí ló wá dé? Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, wọ́n jí ará Faransé méjì gbé nínú pàákì náà, wọ́n sì pa ọmọ Benin tó ń mú wọn káàkiri. Láti ìgbà yẹn, àwọn agbébọn tó ń ti òdìkejì ààlà wá kò jẹ́ kí àgbègbè náà sinmi. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n pa ọmọ ogun wa 54 lápá ibi tí ààlà Benin, Burkina Faso àti Niger ti pàdé, àti ní ibi omi Koudou nínú pàákì W. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló kéde iye náà. Koudou yìí, omi àpáta tí àwọn èèyàn máa ń lọ wò láti gbafẹ́ ni tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ń gba owó lọ́wọ́ yín tàbí lọ́wọ́ àwọn ọmọ yín pé òun máa kó wọn lọ wo erin ní Pendjari, ẹ bi í léèrè ìwé àṣẹ. Bí kò bá ní in, ẹ mú owó yín dání.

2. Omi Tanougou

Ẹ̀bá pàákì ni Tanougou wà, lẹ́yìn Tanguiéta. Omi náà ń já láti orí àpáta sínú ihò omi kan tó tutù, igi sì yí i ká. Àwọn tó bá ti inú pàákì bọ̀, tí eruku ti bò wọ́n, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń lọ fi omi bọ́ra. Ó dára púpọ̀, a ò lè parọ́. Ṣùgbọ́n torí ibi tó wà, ọ̀rọ̀ tí a sọ nípa pàákì ló kan òun náà. Ẹ jẹ́ kó dúró de ọjọ́ mìíràn.

3. Omi Kota

Èyí sún mọ́ Natitingou ju Tanougou lọ. Kìlómítà bíi 15 ni láti inú ìlú, ẹ ó yà kúrò lójú ọ̀nà Djougou. Ẹ lè fi zémì dé ibẹ̀. Ẹ ó fi ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láàárín igi títí ẹ ó fi dé ìdí àpáta níbi tí omi ti ń já bọ́. Ariwo rẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ kí ẹ tó rí i.

Ẹ fi ọkàn sí àsìkò. Lọ́dọ̀ wa níbí, òjò máa ń rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Lọ́hùn-ún, ìgbà òjò kan péré ni wọ́n ní, láti bí oṣù karùn-ún títí dé oṣù kẹwàá. Ẹni tó bá lọ sí Kota ní oṣù kẹta lè bá àpáta gbígbẹ àti omi ṣíún. Ẹni tó bá lọ láàárín oṣù kẹjọ sí oṣù kọkànlá, òun ló máa rí omi tó jọjú. Àpáta ibẹ̀ ń yọ̀, pàápàá lẹ́yìn òjò. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé wọnú omi láìsí àgbàlagbà tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

4. Ilé tata ní Koutammakou

Tí a bá ní ká mú ẹyọ kan ṣoṣo, èyí la ó mú. Láti Natitingou lọ sí Boukombé, bí ọ̀nà ṣe ń gun òkè tó sì ń sọ̀, ẹ ó máa rí ilé alámọ̀ kọ̀ọ̀kan láàárín oko jéró àti ọkà bàbà, ọ̀kan jìnnà sí èkejì. Ilé náà rí bí ilé olódi kékeré, ó ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó sì ní ilé róbótó-róbótó ní igun rẹ̀ tí wọ́n fi koríko ṣe fìlà fún. Tata ni wọ́n ń pè é. Àwọn Bètammaribè ló ń kọ́ ọ. Ìtumọ̀ orúkọ wọn sì ni àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ, ìyẹn àwọn ọ̀mọ̀lé.

Ìsàlẹ̀ ilé ni ẹran ọ̀sìn máa ń sùn, ibẹ̀ náà ni ibi ìdáná. Òkè ni àwọn onílé ń sùn, òkè náà ni wọ́n ń sá ọkà sí, tí àká sì wà. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kéré, ẹni tó bá ń wọlé gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe àìmọ̀kan ló fà á. Láyé ogun àti ìkónilẹ́rú, ọ̀tá tó bá bẹ̀rẹ̀ wọlé kò lè gbé ọwọ́ sókè. Àwa náà mọ irú ayé yẹn. Kétu mọ odi yí ìlú ká, ó sì fi Àkàbà Ìdénà ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, síbẹ̀ ogun Dahomey fọ́ ọ ní ọdún 1886. Àwọn ti Atacora ò mọ odi yí ìlú ká ní tiwọn: olúkúlùkù sọ ilé tirẹ̀ di odi.

Ọdún 2004 ni UNESCO kọ Koutammakou sílẹ̀ fún ìhà Togo. Ọdún 2023 ni wọ́n fi apá ti Benin kún un. Ní Koussoukoingou, abúlé kan tó wà lórí òkè ní commune Boukombé, èèyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn káàkiri kó sì sùn mọ́jú nínú tata.

Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ rántí pé ilé èèyàn ni, èèyàn ń gbé inú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kí baálé. Ẹ má ya fọ́tò láìtọrọ àyè. Àwọn òkìtì amọ̀ tó wà níwájú ilé, ojúbọ ni wọ́n. Ẹ má jókòó lé wọn, kí ọmọ yín má sì gun orí wọn. Bí àlejò bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ojúbọ ilé tiwa, ṣé inú wa á dùn?

Boukombé wà létí ààlà Togo. Ẹ bèèrè bí ọ̀nà ṣe rí ní Natitingou kí ẹ tó gbéra.

5. Inú ìlú Natitingou

Ìlú tó wà láàárín òkè méjì ni. Ní àárọ̀ ọyẹ́, òtútù ibẹ̀ lè ya ará gúúsù lẹ́nu, ẹ mú aṣọ tó nípọn dání. Ilé kan tí àwọn òyìnbó kọ́ láyé amúnisìn ti di musée báyìí. Ẹ ó rí ohun èlò àti ohun ọ̀ṣọ́ àwọn ará Atacora níbẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń kọ́ oríṣiríṣi tata. Ó dára kí ẹ kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ kí ẹ tó lọ sí Boukombé, ohun tí ẹ bá rí á lè yé yín.

Ẹ ó tún gbọ́ orúkọ Kaba. Òun ló ṣíwájú àwọn tó kọ̀ fún Faransé ní ọdún 1916 sí 1917, nígbà tí wọ́n ń fipá kó àwọn ọ̀dọ́ lọ sí ogun àgbáyé kìíní. Orí òkè ni wọ́n dúró sí tí wọ́n ti bá ìbọn òyìnbó jà. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ti gbọ́ ìtàn Béhanzin àti Bio Guéra yẹ kó gbọ́ ti Kaba náà.

6. Òkè tiwa lójú ọ̀nà: Ìdáàṣà àti Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá gbé e dé Natitingou kò tíì pàdánù. Ní bíi kìlómítà 200 sí Kutọnu, ẹ ó dé Ìdáàṣà, ìlú òkè 41, ibi tí wọ́n ti ń sọ èdè wa. Àwọn Kátólíìkì mọ ibẹ̀ dáadáa nítorí ihò àpáta Notre-Dame d'Arigbo, níbi tí èrò ti máa ń wọ́ tìrítìrí lọ́dọọdún ní oṣù kẹjọ. Ọmọ tó bá mọ ibẹ̀ lè mú yín gun òkè kan láàárọ̀ kí oòrùn tó mú.

Ṣábẹ̀ẹ́ (Savè) wà lápá ìlà-oòrùn Ìdáàṣà. Àpáta ńlá ló ta ìlú náà yọ, àwọn ará ibẹ̀ sì ń sọ bí àwọn baba wọn ṣe sá sínú rẹ̀ nígbà ogun. Òkè kan náà tó ń dá àlejò lọ́rùn lónìí ló gba ẹ̀mí là lánàá.

Láti Ìdáàṣà, ọ̀nà tó lọ sí Natitingou gba Savalou, Bantè, Bassila àti Djougou kọjá. Ẹ má rò pé èdè wa ti tán ní Ìdáàṣà o. Ní Bantè, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn Ìṣà. Ní Manigri, lẹ́bàá Bassila, ẹ ó tún gbọ́ ọ. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, ohùn ló yàtọ̀ díẹ̀.

Kí ẹ tó gbéra

- Ẹ pe ẹni tí ẹ mọ̀ ní Natitingou, tàbí kí ẹ bèèrè ní mairie àti commissariat bí ọ̀nà ṣe rí ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Ìròyìn oṣù mẹ́fà sẹ́yìn kò tó.
- Olúkúlùkù gbọ́dọ̀ mú carte d'identité rẹ̀ dání. Wọ́n ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà, wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò.
- Ẹ má rìn lóru, ẹ má sì gba ọ̀nà inú igbó tí ẹ ò mọ̀.
- Ẹ dúnàá-dúrà owó zémì àti ti ẹni tó máa mú yín kiri kí ẹ tó gun ọkọ̀. Ọmọ ìlú ibẹ̀ ni kí ẹ mú, ó mọ ilẹ̀, owó náà á sì dúró sí abúlé.
- Ọjọ́ kan gbáko ni ọ̀nà ń gbà ní àlọ, ọjọ́ kan ní àbọ̀. Ẹni tó bá ní ọjọ́ méjì péré, kó mọ sí Ìdáàṣà.

Àwọn ará Tanguiéta àti Tanougou tó ń mú àlejò kiri, tó ń se oúnjẹ fún wọn, tó ń ta iṣẹ́ ọwọ́ fún wọn, àwọn ni ọ̀rọ̀ ààbò yìí ń dùn jù. A ò sọ pé kí ẹ gbàgbé wọn. Ọjọ́ tí ọ̀nà bá là, kí ẹ ti mọ orúkọ ibi tí ẹ ń lọ. Títí dìgbà náà, Kota ń dúró dè yín ní ìgbà òjò, Ìdáàṣà sì ń dúró dè yín nígbàkígbà.