Kónílé-ó-gbélé ọdún 2020: ta ló jókòó, ta ló ń rìn l'Ọ́wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀?

Ọjọ́ 3, oṣù Kẹrin, ọdún 2020 ni Gómìnà ìgbà náà, Rótìmí Akérédolú, ọmọ bíbí Ọ̀wọ̀, kéde ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn Kòrónà ní ìpínlẹ̀ Òndó. Kò pẹ́ tí gbogbo wa fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà. Ọjọ́ 2, oṣù Keje ọdún kan náà ni àrùn yìí pa Dókítà Wahab Adégbẹnró, kọmíṣọ́nà fún ètò ìlera. Torí náà, ó pọn dandan kí á jìnnà síra wa. Àmọ́ kí ló ṣẹlẹ̀ sí ara tí wọ́n ní kó jókòó sílé?

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, àgbàlagbà tó ń lọ sí jíìmù kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìrìn àti iṣẹ́ ni eré ìdárayá wa: ìyá tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ Ọjà Ọba, olùkọ́ tó ń dúró níwájú akẹ́kọ̀ọ́ títí di ọ̀sán, bàbá tó kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì tó tún yà kí ẹbí. Ìdí nìyẹn tí kónílé-ó-gbélé kò fi bá gbogbo èèyàn dọ́gba. Àgbẹ̀ Ìpele tàbí Ìdóàní ní ebè tó fẹ́ kọ àti àgbàdo tó fẹ́ gbìn, òjò ti dé, oko ò mọ Kòrónà. Àwọn tí ìjókòó mú gan-an ni òṣìṣẹ́ ìjọba, olùkọ́, télọ̀, oníṣòwò tí kì í ta oúnjẹ, àti àwọn àgbà tí ọmọ wọn ní kí wọ́n má yọjú síta rárá. Nínú àwọn wọ̀nyí náà lẹ ti máa rí ọ̀pọ̀ tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà. Ìjókòó máa ń mú àìsàn méjèèjì le sí i, ẹni tó bá sì ní wọn, Kòrónà lè ṣe é léṣe ju ẹlòmíì lọ.

Láti ọjọ́ 4, oṣù Karùn-ún, ìjọba àpapọ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má rìn láàárín aago mẹ́jọ alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀. Ẹni tó máa ń sáré ní ìdájí pàdánù àsìkò rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó di oṣù Kẹfà, wọ́n sún un sí aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́rin ìdájí.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń mú kéèyàn mí kíákíá díẹ̀, àmọ́ tó ṣì lè sọ̀rọ̀. Ìdajì wákàtí lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún, ó ti tó. Kí ó sì fi ọjọ́ méjì, ó kéré tán, ṣe ohun tó ń fún iṣan lágbára. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá kúrò lágboolé. Ẹni tó bá ti gún iyán fún èèyàn mẹ́fà rí mọ̀ pé iṣẹ́ gidi ni. Pípọn omi wà níbẹ̀, ijó wà níbẹ̀, kéèyàn máa dìde lórí àga láì fọwọ́ ti nǹkan náà wà níbẹ̀. WHO tún ní kí á má lo ìbòmú tí a bá ń ṣe eré ìdárayá, kí á kàn jìnnà síra.

Iṣẹ́ kan tún wà tó ṣe pàtàkì lọ́dọ̀ tiwa: ríro àyíká ilé. Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ wà lára ibi tí ibà Lassa ti ń jà jù ní ìpínlẹ̀ yìí, FMC Ọ̀wọ̀ ló sì ń tọ́jú ọ̀pọ̀ aláìsàn. Tí igbó bá kúrò lẹ́yìnkùlé, eku ò ní ibi sá pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rí ìgbẹ́ eku nínú ilé, ẹ má gbá a ní gbígbẹ. Ẹ fi omi tí ẹ po òògùn apakòkòrò sí rin ín ná, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kẹ́ ẹ tó kó o.

Ní ti ìrìn ojú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá Kòrónà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, àwọn agbébọn pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n, Ọba Israel Adéùsì, lójú ọ̀nà ní Ẹlẹ́gbẹ́ka. Ìmọ̀ràn pé kéèyàn dá rìn jìnnà ní ìdájí kò bá ará Ọ̀sẹ̀ mu lẹ́yìn ìyẹn. Ìdajì wákàtí ní àyíká ilé, tàbí kí èèyàn mẹ́ta mẹ́rin jọ rìn lójú mọmọ pẹ̀lú àyè díẹ̀ láàárín wọn, ara yóò jẹ àǹfààní kan náà.