Ọjọ́ Àkọ́kọ́ Lọ́dọ̀ Oníṣègùn Ìbílẹ̀ Ṣáínà: Ìtọ́sọ́nà fún Olùgbé Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Oògùn ibà ACT tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò ní gbòǹgbò nínú ìṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà. Ní ọdún 1972, ikọ̀ onímọ̀ tí Tu Youyou darí yọ èròjà artemisinin jáde láti inú ewé kan tí àwọn ará Ṣáínà ti mọ̀ láti ayébáyé. Iṣẹ́ náà ló mú kí obìnrin yìí gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2015. Àmọ́, wọ́n yẹ ewé náà wò fínnífínní kí ó tó di oògùn, kì í sì í ṣe gbogbo ìtọ́jú ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti yẹ̀ wò bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe kọ àlàyé yìí fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Kí ẹ tó lọ

Ẹ kọ́kọ́ béèrè ìwé àṣẹ. HEFAMAA ni ó ń forúkọ ilé ìtọ́jú ìjọba àti ti aládàáni sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìgbìmọ̀ Ìṣègùn Ìbílẹ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó ń bójú tó àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀, MDCN sì ń ṣàkóso àwọn tí ń fi abẹ́rẹ́ Ṣáínà tọ́jú ènìyàn. Ilé ńlá ní Àpápá GRA kò fi hàn pé àṣẹ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yàrá kékeré ní Ajégúnlẹ̀ kò fi hàn pé kò sí.

Ẹ béèrè iye owó àti iye ìgbà tí ẹ ó máa lọ. Ẹ jẹun díẹ̀, ẹ wọ aṣọ tí kò fún mọ́ra, ẹ má sì mu kọfí, nítorí ó máa ń yí àwọ̀ ahọ́n padà. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání, kí ẹ sì dárúkọ àgbo tí ẹ ń mu.

Àyẹ̀wò

Ọ̀nà mẹ́rin ni oníṣègùn ń gbà ṣàyẹ̀wò: wíwò, gbígbọ́ ohùn àti gbígbọ́ òórùn, bíbéèrè, àti fífọwọ́kàn. Yóò wo ahọ́n yín. Yóò fi ìka mẹ́ta lé ọrùn ọwọ́ yín, lọ́tùn-ún àti lósì, kí ó lè mọ bí iṣan ṣe ń lù. Yóò béèrè nípa oorun, oúnjẹ, ìgbọ̀nsẹ̀ àti nǹkan oṣù. Ó lè gba nǹkan bíi wákàtí kan.

Ìtọ́jú

Abẹ́rẹ́ náà tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an. Ó sábà máa ń wà lára fún ìṣẹ́jú 15 sí 30, ojú ibẹ̀ sì lè wúwo tàbí kí ó máa tani díẹ̀. Ojú yín ni kí wọ́n ti tú abẹ́rẹ́ tuntun nínú ọ̀rá rẹ̀, kí wọ́n sì jù ú nù lẹ́yìn lílò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ dìde kí ẹ máa lọ, nítorí abẹ́rẹ́ àlòtúnlò lè kó HIV tàbí àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ranni.

Wọ́n tún lè fi ife fa ara, gẹ́gẹ́ bí àwọn oníwo láàrin àwọn Hausa ṣe ń fi ìwo ṣe. Àpá róbótó tí ó máa ń fi sílẹ̀ sábà máa ń parẹ́ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì.

Bí wọ́n bá fún yín ní egbòogi, ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀. Ní ilẹ̀ Belgium, ní nǹkan bí ọdún 1990 sí 1992, egbòogi Ṣáínà tí wọ́n fi ń dín ara kù ba kíndìnrín ọ̀pọ̀ obìnrin jẹ́. Aboyún àti ẹni tí ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì gbọ́dọ̀ sọ fún oníṣègùn ṣáájú.

Ohun tí kò yẹ kí ẹ ṣe

Ìwádìí fi hàn pé abẹ́rẹ́ yìí lè dín àwọn ìrora kan kù, bíi ẹ̀yìn ríro àti orí fífọ́. Kò sí ẹ̀rí pé ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí jẹjẹrẹ sàn. Ẹ má ṣe dá oògùn dókítà dúró nítorí rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ní ilé ìwòsàn ìjọba.

Bí ẹnu ẹnìkan bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí apá rẹ̀ rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já geere mọ́ lójijì, ẹ má ṣe gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́ Ṣáínà. Ẹ pe 767 tàbí 112, tàbí kí ẹ gbé e lọ sí Ilé Ìwòsàn Ìjọba ní Àpápá tàbí ti Ajérọ̀mí lójú ẹsẹ̀.