Ìdákẹ́kọ̀ọ́ tàbí Kíláàsì Ìmúrasílẹ̀: Ìtàn Ìgbaradì fún Ìdánwò Àṣewọlé sí Yunifásítì

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni àwọn ọmọ Nàìjíríà ti ń gba ọ̀nà méjì múra sílẹ̀ fún ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ gíga: àwọn kan ń dá kàwé nílé, àwọn mìíràn ń sanwó kíláàsì. Èwo ni ó sàn jù? Ìtàn lè là wá lọ́yẹ̀.

Ní ọdún 1858 ni Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ṣí ìdánwò rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí kò jókòó ní kíláàsì kọ́lẹ́ẹ̀jì kankan. Ìlànà yìí ṣe Nàìjíríà ní àǹfààní púpọ̀, nítorí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Gíga ti Yábàá, tí wọ́n ṣí ní 1934, kì í fúnni ní oyè dìgírì, ó sì di ọdún 1948 kí wọ́n tó dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn sílẹ̀. Ẹni tí kò lówó ọkọ̀ òkun ní láti fi àtùpà kàwé lóru lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Báyìí ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣe gba oyè ìmọ̀ òwò ti Lọ́ńdọ̀nù ní 1944.

Síbẹ̀, ìdákẹ́kọ̀ọ́ ìgbà náà kì í ṣe àdáṣe pátápátá. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àfìwéránṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa fi ìwé ẹ̀kọ́ ránṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ a dáhùn ìbéèrè, a sì dá a padà. Olùkọ́ a wá máàkì rẹ̀, a tọ́ka sí àṣìṣe. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó gba ọ̀nà yìí yege nínú ìdánwò GCE.

Ní ọdún 1978, ìjọba àpapọ̀ dá àjọ JAMB sílẹ̀. Ṣáájú èyí, yunifásítì kọ̀ọ̀kan ni ó ń yan akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀. Nígbà tí ìdánwò di ọ̀kan ṣoṣo, tí àwọn tí ń wá àyè sì pọ̀ ju àyè lọ, kíláàsì ìmúrasílẹ̀ di òwò ńlá nínú àwọn ìlú. Láti 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò náà. Ẹni tí ń dá kàwé ní láti wá ibi tí yóò ti fi ẹ̀rọ náà dánra wò.

Ọ̀nà méjèèjì ni ó ní àlèébù. Kíláàsì ń fúnni ní àkókò pàtó àti ẹlẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ó ń náni lówó, ìṣísẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ni olùkọ́ sì ń bá rìn. Ìdákẹ́kọ̀ọ́ kò wọ́n, ó sì ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dojú kọ ibi tí ó kù sí, ṣùgbọ́n àṣìṣe tí ẹnikẹ́ni kò tọ́ka sí lè bá a wọ gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ẹ̀kọ́ tí ó hàn nínú ìtàn yìí ni pé ìwé ìlànà ẹ̀kọ́, ìbéèrè àtẹ̀yìnwá àti ẹni tí yóò máàkì iṣẹ́ ni igi lẹ́yìn ọgbà. Kíláàsì tí kò ní wọn, owó ṣòfò ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó rí wọn nílé lè dá kàwé láìfòyà. Bí ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrèǹgbè.