Bongcheon: Orúkọ Tí Àwọn Onílé Kọ̀

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ní gúúsù Seoul, olú-ìlú Kòríà Gúúsù, òkè ni àwọn àgbà wò. Wọ́n ní òkè Gwanak ga débi pé ó gbé ojú ọ̀run dúró, ni abúlé ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń jẹ́ Bongcheon, ìyẹn Agbọ́runró.

Abẹ́ ẹkùn Gyeonggi ni abúlé yìí wà títí di 1963 tí Seoul gbà á mọ́ra. Ní 1973, wọ́n yọ ìjọba ìbílẹ̀ Gwanak kúrò lára Yeongdeungpo, Bongcheon sì bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Láyé ìgbà náà, àwọn aláìní tí ìjọba wó ahéré wọn láàárín ìlú ń dó sí ara òkè náà. ‘Àdúgbò òṣùpá’ ni ará Kòríà ń pe irú ibẹ̀, nítorí pé ó ga sún mọ́ òṣùpá. Ẹ wo orúkọ dídùn tí wọ́n fún ìyà! Èrò wá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n pín in sí Bongcheon Kìíní, Ìkejì, Ìkẹta, títí ó fi kọjá mẹ́wàá.

Nígbà tó yá, wọ́n wó ahéré, wọ́n kọ́ ilé alájà gogoro, ṣùgbọ́n òkìkí òṣì kò kúrò lára orúkọ. Ojú ń ti àwọn onílé. Ní 2008, Gwanak pa orúkọ àwọn ọ́fíìsì àdúgbò náà dà. Euncheon àti Inheon wà nínú àwọn tuntun. Orúkọ méjèèjì jẹ́ ti Kang Gam-chan, ọ̀gágun tó ṣẹ́gun àwọn Khitan ní Gwiju ní 1019, tí wọ́n bí ní ibẹ̀ gan-an. Èyí tọ́ lójú tèmi.

Àwọn yòókù ló dá ìjà sílẹ̀. Gwanak sọ apá kan Sillim, àdúgbò kejì rẹ̀, ní Samseong àti Sinsa, orúkọ tí àwọn olówó Gangnam ti ń jẹ́. Ó tún sọ apá kan Bongcheon ní Boramae, orúkọ ọgbà ìgbafẹ́ tó wà ní ilẹ̀ Dongjak. Gangnam àti Dongjak gbé e lọ sílé ẹjọ́ tó ń túmọ̀ ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Ní 2009, wọ́n pàdánù. Mi ò dá Gwanak lẹ́bi lórí Samseong, nítorí òkè Samseong wà nílẹ̀ tirẹ̀ náà.

Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì nìkan ló pa orúkọ dà. Nínú ìwé ilẹ̀, Bongcheon ni gbogbo ibẹ̀ ṣì ń jẹ́, ibùdókọ̀ ojú irin tó wà níbẹ̀ sì ń jẹ́ Bongcheon títí dòní.