Ta Ló Ni Orúkọ? Ìtàn Òwò Orúkọ Ojúlé Íntánẹ́ẹ̀tì



Ní oṣù tó kọjá, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ ò dùn rárá. Ó ní, "Prof, wọ́n ti gba orúkọ wa." Mo ní, orúkọ wo? Ó ní orúkọ ìkànnì ẹgbẹ́ ni, èyí tó parí sí .org, tí a ti ń lò láti bí ọdún mọ́kànlá. Akápò wa tó ṣaláìsí lọ́dún tó kọjá ló yan orúkọ náà, òun ló fi orúkọ ara rẹ̀ gbà á, ímeèlì tirẹ̀ sì ni wọ́n máa ń kọ̀wé sí pé owó ọdún ti tó san. Nígbà tó kú, ta ni yóò ṣí ímeèlì òkú? Àkókò kọjá, orúkọ bọ́ sílẹ̀, ẹnìkan tí a ò mọ̀ rí sì gbé e. Ó ti kọ ọ́ sójú ìkànnì náà gàdàgbà pé títà ni: dọ́là 1,800. Akọ̀wé wá bi mí pé, "Ẹ̀yin lẹ mọ ìtàn, sà. Ṣé ká san án ni, àbí ká pè é lẹ́jọ́?"

Mo ní kó fún mi lọ́sẹ̀ díẹ̀. Ìdáhùn mi ló wà nísàlẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí, mi ò lè dáhùn láìkọ́kọ́ pìtàn.

Nígbà tí orúkọ jẹ́ ọ̀fẹ́

Nọ́ńbà ni àwọn kọ̀ǹpútà fi ń mọ ara wọn. Àwa èèyàn ni a ò lè há nọ́ńbà jàn-ànràn-jan-anran sórí. Lọ́dún 1983, Paul Mockapetris, tí òun àti Jon Postel jọ ń ṣiṣẹ́, gbé ètò kan kalẹ̀ tí yóò máa bá wa yí orúkọ padà sí nọ́ńbà. Ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní domain name nìyẹn; orúkọ ojúlé ni èmi yóò máa pè é. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹta, ọdún 1985, iléeṣẹ́ Symbolics ní Massachusetts gba symbolics.com. Òun ni .com àkọ́kọ́ láyé, wọn ò sì san kọ́bọ̀ lé e. Ẹni tó bá fẹ́ orúkọ á kọ̀wé, wọ́n á fún un, ó parí. Ó dà bí ìgbà tí ilẹ̀ ṣì pọ̀ ju èèyàn lọ nílé wa: àlejò á tọ baálẹ̀ lọ, wọ́n á sì nawọ́ sí igbó fún un. Ta ló máa ta ilẹ̀ fún ta ni?

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí títí di 1994. Lọ́dún yẹn, akọ̀ròyìn kan tó ń jẹ́ Joshua Quittner rí i pé iléeṣẹ́ McDonald's ò tíì gba mcdonalds.com. Ó pè wọ́n láti sọ fún wọn. Ọ̀rọ̀ náà ò yé wọn. Ló bá gba orúkọ náà fúnra rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Wired. Nígbà tí iléeṣẹ́ náà ta jí, kò gba owó sápò ara rẹ̀. Ó ní kí wọ́n ran ilé ẹ̀kọ́ kan lọ́wọ́ ní Brooklyn kí àwọn ọmọ ibẹ̀ lè lo íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ná dọ́là 3,500 lé e lórí. Àwàdà ló fi ṣe, ṣùgbọ́n ó ti fi hàn pé orúkọ tí a gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lè di owó.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1995, Network Solutions, tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ fún, bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó: dọ́là 100 fún ọdún méjì àkọ́kọ́. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ tẹjú mọ́. Owó yẹn kì í ṣe owó ilẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ ni. Bí o bá ń san án, oko wà lọ́wọ́ rẹ. Bí o bá dákẹ́, wọ́n á gbà á. Nínú àṣà tiwa, ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lè gbin iṣu, ó lè gbin ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ta ilẹ̀. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta ilẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní kó má tà. Inú ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo ẹjọ́ tí mo fẹ́ sọ ti jáde.

Ohun tí ilé ẹjọ́ gbà àti ohun tí wọ́n kọ̀

Ọkùnrin kan ní Illinois, Dennis Toeppen, gba orúkọ àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá lé ní ọgọ́rùn-ún. Panavision, tó ń ṣe kámẹ́rà fún àwọn tó ń ya fíìmù, wà lára wọn. Nígbà tí Panavision ní kó dá panavision.com padà, ó ní dọ́là 13,000 ni. Ohun tó fi sójú ìkànnì náà ni àwòrán ìlú Pana ní Illinois, bíi pé tìtorí ìlú yẹn ló ṣe gba orúkọ náà! Lọ́dún 1998, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a lẹ́bi. Wọ́n ní iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó gba orúkọ olórúkọ kó sì tà á padà fún un.

Ẹ wá fi èyí wé business.com. Wọ́n tà á ní dọ́là 150,000 lọ́dún 1997. Lọ́dún 1999, ẹni tó rà á tún tà á ní mílíọ̀nù 7.5. Ẹnikẹ́ni ò pè é lẹ́jọ́ nítorí ọ̀rọ̀ lásán ni, ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń sọ. Títí dòní, ìyẹn tọ̀nà lójú òfin. Lọ́dún 2019 ni MicroStrategy ta voice.com ní ọgbọ̀n mílíọ̀nù dọ́là. Orúkọ tó jẹ́ tẹnìkan, má tà á. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti gbogbo wa, ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ló ni ín. Èmi ò mọ̀ bóyá ìyẹn dára, ṣùgbọ́n bó ṣe wà nìyẹn.

Lọ́dún 1999, nǹkan méjì ṣẹlẹ̀. ICANN, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1998 láti máa mójú tó àwọn orúkọ wọ̀nyí, ṣe ìlànà ìparí-ìjà tí kò ní gba ilé ẹjọ́ kọjá. Àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà náà ṣe òfin tó lè mú kí ẹni tó bá fi ìwà ìbàjẹ́ gba orúkọ olórúkọ san láti dọ́là 1,000 dé 100,000 lórí orúkọ kan. Ẹjọ́ àkọ́kọ́ lábẹ́ ìlànà ICANN ni ti ẹgbẹ́ ìjàkadì World Wrestling Federation. Ẹnìkan gba orúkọ wọn, ó sì fẹ́ tà á fún wọn ní dọ́là 1,000. Ní oṣù Kìíní ọdún 2000, wọ́n ní kó dá a padà. Nǹkan mẹ́ta ni olùpẹ̀jọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn: pé orúkọ náà jọ àmì òwò tirẹ̀, pé ẹni tó gbà á ò ní ìdí kan pàtó tó fi yẹ kó jẹ́ tirẹ̀, àti pé èrò burúkú ló fi gbà á tó sì fi ń lò ó. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni o. Méjì ò tó.

Uzi Nissan mọ ìyẹn dáadáa. Nissan ni orúkọ ìdílé rẹ̀. Lọ́dún 1994 ló gba nissan.com fún ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní North Carolina. Lọ́dún 1999, iléeṣẹ́ ọkọ̀ Nissan pè é lẹ́jọ́, wọ́n ń bèèrè mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là. Wọ́n fà á fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ná owó ńlá, ṣùgbọ́n orúkọ náà ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí tó fi kú lọ́dún 2020. Owó kọ́ ló ń wá. Orúkọ bàbá rẹ̀ ni.

Ó ku ìbéèrè kan: ṣé wọ́n lè jí orúkọ? Gary Kremen gba sex.com lọ́dún 1994 (ẹ foríjì mí, bó ṣe wà nínú ìwé ilé ẹjọ́ nìyẹn). Lọ́dún 1995, Stephen Cohen fi lẹ́tà ayédèrú gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọdún 2000 kí ilé ẹjọ́ tó dá a padà. Lọ́dún 2003, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ ọ́ kedere pé orúkọ ojúlé jẹ́ ohun-ìní bíi dúkìá mìíràn, ẹni tó bá gbà á láìtọ́ ti jalè. Ìṣákọ́lẹ̀ ni a ń san, síbẹ̀ òfin ní dúkìá ni. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹjọ́ ilẹ̀ ní Èkó, ẹ rẹ́rìn-ín bó bá wù yín.

Ó kan àwa náà

Ọdún 1995 náà ni wọ́n forúkọ .ng sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè wa. Ọwọ́ Yaba College of Technology ló kọ́kọ́ wà kó tó dé ọ̀dọ̀ NiRA. Ṣùgbọ́n ètò tí wọ́n ṣe lọ́dún 1983 ò mọ àmì ohùn. Lóòótọ́, láti 2003 ni ìlànà ti wà tó gba àwọn lẹ́tà mìíràn láyè, síbẹ̀ lẹ́tà lásán ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń lò. Kọ "owo" sílẹ̀ báyìí: owó ni, àbí ọwọ́? Òwò ni, àbí ọ̀wọ̀, àbí ìlú Ọ̀wọ̀? Ojúlé kan ṣoṣo fún gbogbo wọn. Orúkọ ẹgbẹ́ wa náà rí bẹ́ẹ̀. Mi ò ní kọ ọ́ síbí, kí n má baà polówó ọjà fún ẹni tó ń tà á. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ni, bí a bá sì yọ àmì orí rẹ̀ kúrò, ọ̀nà mẹ́ta ni èèyàn lè gbà kà á.

Ìdáhùn mi nìyí. Ẹjọ́ kọ́. Kò sẹ́ni tó jí orúkọ wa. Bí owó bá ti tán lórí .org, wọ́n sábà máa ń fún olówó láyè díẹ̀, ó lè tó ọjọ́ 45. Lẹ́yìn ìyẹn, ọgbọ̀n ọjọ́ mìíràn tó lè fi rà á padà pẹ̀lú owó ìtanràn. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ márùn-ún, ó tán. Àwọn kan sì wà tí kọ̀ǹpútà wọn ń ṣọ́ wákàtí yẹn bí àwòdì ṣe ń ṣọ́ òròmọdìẹ. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo Yorùbá ń sọ ni a ń lò, a ò fi ṣe àmì òwò. Nǹkan mẹ́ta tí mo kà sókè yẹn, mi ò rí èyí tí a lè fi hàn. Owó ìwé ẹjọ́ nìkan ní WIPO jẹ́ dọ́là 1,500, bí a bá sì jàre, orúkọ nìkan ni wọ́n máa dá padà.

Ká san 1,800 ńkọ́? Mo mọ ohun tó ń dun akọ̀wé. Orúkọ yẹn wà lẹ́yìn ìwé ètò ìsìnkú akápò wa, pé kí àwọn èèyàn lọ kọ ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn síbẹ̀. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ lónìí, "títà ni" ló máa bá. Ó dun èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀dùn wa gan-an ni ọkùnrin yẹn ń dá iye lé. Ẹnikẹ́ni mìíràn ò ní fún un ní dọ́là 1,800 lórí orúkọ ẹgbẹ́ wa. Ẹ fi dọ́là 300 lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dákẹ́.

Bó bá kọ̀, ká gba .org.ng lórúkọ ẹgbẹ́, kì í ṣe lórúkọ ẹnìkan, kí èèyàn méjì mọ páswọ̀ọ̀dù rẹ̀, ká sì san owó ọdún púpọ̀ sílẹ̀. Àwọn fọ́tò àti ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn wà lórí kọ̀ǹpútà mìíràn. A ó kó wọn lọ síbẹ̀. Èyí tó yá jù lọ nìyí: ẹni tó ni orúkọ lè máa gba ímeèlì tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí i. Nítorí náà, ẹni tó bá fi àdírẹ́sì ẹgbẹ́ àtijọ́ sí báńkì tàbí ibòmíràn, kó yí i padà lónìí, ẹ má sì fowó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá ti ibẹ̀ kọ̀wé sí yín.

Ọjọ́ Sátidé ni ìpàdé. Bí ẹ bá rò pé ó yẹ ká san án, ẹ wá sọ ọ́ lójú mi. Ẹ kúkú máa ń bá mi jiyàn ní kíláàsì.