Ìlànà Inú Àká

Lọ́dún 1970, Edgar Codd, òṣìṣẹ́ IBM ní San Jose, California, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí bí a ṣe lè to dátà rẹpẹtẹ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń lò. Ibẹ̀ ni relational database ti ṣẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ ní Yorùbá lè sáré mú ìbátan, kó rò pé torí pé àtẹ kan bá èkejì tan ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àtẹ fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìlà àti òpó rẹ̀, ni Codd ń pè ní relation. Àká dátà alátẹ ló bá a mu.

Nínú àwọn ọ̀rọ̀ àká dátà tí mo fẹ́ túmọ̀, stored procedure ló gba àròjinlẹ̀ jù. Ká ní a fẹ́ fi owó ránṣẹ́ láti àkáǹtì kan sí òmíràn. A ó wo iye tó wà nílẹ̀, a ó yọ owó níhìn-ín, a ó fi kún tọ̀hún. Bí ọ̀kan bá kùnà, kí a wọ́gi lé gbogbo rẹ̀. Ètò tó wà lókèèrè lè máa fi àwọn gbólóhùn SQL (èdè àká dátà) wọ̀nyí ránṣẹ́ sí sáfà lọ́kọ̀ọ̀kan. A sì lè kó gbogbo wọn sórí sáfà lábẹ́ orúkọ kan, kó jẹ́ gbólóhùn kan péré ni yóò rìnrìn àjò:

CALL fi_owo_ranse(1024, 2048, 5000);

“Ìlànà tí a fi pamọ́” ló máa kọ́kọ́ wá síni lẹ́nu, ṣùgbọ́n ohun tí a bò mọ́lẹ̀ náà ni Yorùbá ń pè bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò sí kóòdù tí a kì í tọ́jú síbì kan. Ohun tó ya èyí sọ́tọ̀ ni pé ẹ̀gbẹ́ dátà ló ń gbé, ibẹ̀ náà ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà ni mo ṣe mú ìlànà inú àká. N kò lo ètò, torí pé ètò ti di orúkọ fún odidi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà.

Nọ́ńbà mẹ́ta tó wà nínú àkámọ́ yẹn ń dí àlàfo mẹ́ta: ẹni tó ń sanwó, ẹni tó ń gbà á, àti iye owó. Ẹ jẹ́ ká pe àyè náà (parameter) ní àlàfo, ká sì pe ohun tó wọ inú rẹ̀ (argument) ní àfidí.

Function ńkọ́? Tí a bá rán ènìyàn níṣẹ́, a máa ń retí àbọ̀. Ìlànà alábọ̀ nìyẹn. Irú rẹ̀ nìkan ni àká dátà PostgreSQL ní títí di ẹ̀dà 11, lọ́dún 2018, tí CREATE PROCEDURE dé.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ la gbọ́dọ̀ ṣẹ̀dá. Nínú gírámà wa, fóníìmù àti ọ̀rọ̀-ìṣe jọ ń gbé láìjà. Kí sáfà àti dátà jókòó síbi tí wọ́n wà. Nínú kóòdù, mo máa ń yọ àmì ohùn: ọ̀nà tí a lè gbà tẹ lẹ́tà alámì ohùn ju ẹyọ kan lọ, ojú á rí i bákan náà, PostgreSQL á kà á sí orúkọ méjì.

Ibi iṣẹ́ la ó ti dán ọ̀rọ̀ wò. Bí ọ̀gá bá lè sọ fún ọmọ iṣẹ́ pé, “Pe ìlànà alábọ̀ yẹn, fi nọ́ńbà àkáǹtì dí àlàfo kìíní, kí o sọ àbọ̀ rẹ̀ fún mi,” tí ọmọ náà sì ṣe é láìbéèrè, ọ̀rọ̀ náà ti jẹ́.